Pálọ̀ Ni Kí Aláìlórúkọ Jókòó Sí

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ḿbà 2025

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Èmi. Èmi tí mo ti ń fi gbogbo Mafoluku ṣe yẹ̀yẹ́ láti ayé ìjọba ológun.

Mò ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì. Mo gbọ́ ohùn kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọláfimíhàn onígbàjámọ̀ – Abẹ ni mò ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó ń sunkún: "Àìná, jọ̀ọ́, dákun, padà wálé. Mi ò ní fi ìyá rẹ ṣẹ̀fẹ̀ mọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní níbo ni wọ́n ti rí irú ọ̀dẹ̀ báyìí. Mo sún mọ́ ibẹ̀ – ohùn mi ni.

Ọdún 1983. Lẹ́tà inú kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ sí Àìná ìyá àwọn ọmọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, nígbà tó bínú lọ sí Ìsẹ́yìn. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò mọ̀wé kọ á wá bá mi, màá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sílé. Iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ṣe nìyẹn: wáàsí, ìsọmọlórúkọ, ìpàdé ẹbí, lẹ́tà. Títí dòní, Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí.

Àwọn mẹ́ta jókòó lọ́dọ̀ Abẹ. Wọ́n ti fá orí ọ̀kan dé ìdajì, orí náà ń mì tìtì fún ẹ̀rín. Abẹ wojú mi, ó ní, "Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, ṣé ìyàwó yìí padà wá lẹ́yìn gbogbo ẹkún yìí?"

Mo ní ó padà wá o. Ọmọ mẹ́ta la tún bí lórí ẹkún yẹn. Ìwọ tí o kì í sunkún, ṣebí o ṣì ń dá sùn.

Mo borí nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í níbi tó ti rí i. Ó ní nínú ẹ̀rọ mi ni.

Ẹ̀rọ mi: kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lábẹ́ káńtà. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Fawziyyah, ọmọ ọmọ mi tí mò ń pè ní ìyàwó mi, da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi sínú rẹ̀. Ó ní sáfà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fóònù á gba wáífáì wọlé, á mú wáàsí tàbí orin tó bá wù ú, á máa lọ. Kò sí pé kí lorúkọ rẹ. Aláìlórúkọ ni gbogbo wọn. Mo ti sọ ẹ̀rọ náà ní Oníwàpẹ̀lẹ́ nítorí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo gba orúkọ náà padà lónìí. Olófòófó ni yóò máa jẹ́.

Abẹ fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọfà kan wà tó kọjú sókè. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kúrò níbi wáàsí, ó bọ́ sí àárín ilé mi. Gbogbo yàrá ṣí sílẹ̀ – lẹ́tà, ìjà ẹbí, gbogbo ẹ̀.

Mo wọlé, mo fa wáyà Olófòófó yọ lára iná. Mo gbé búrẹ́dì náà tì. Kì í ṣe nítorí ẹkún mi. Ẹkún tèmi, mo lè fi ara mi rẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á.

2009. Alhaja Salimat, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, ránṣẹ́ pè mí sí Òkè-Àfá, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ ìgbohùn dání. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé pẹ̀lú, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwa méjèèjì. Wásíà ló fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa pín ohun ìní rẹ̀ tó bá kú. Ó ní òun ò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, pé ìwé kì í ní omi lójú.

Ohun tó sọ sínú rẹ̀: Rodiat, ọmọbìnrin rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí àkọ́bí rẹ̀, òun kọ́ ló bí i. Àbúrò òun tó ń jẹ́ Rábì ló bí i, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Alhaja gbé e wá sí Èkó, ó ní ọmọ òun ni, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Torí pé Rodiat kì í ṣe ajogún ló ṣe ń ṣe wásíà: ṣọ́ọ̀bù Àgọ́ Palace, níbi tí Rodiat ti ń ta ọ̀dà báyìí, tirẹ̀ ni, kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì tí òun bí má bá a du ú.

Lẹ́yìn náà ló wojú mi. "Sàláúdéènì, kí etí kẹta má gbọ́ èyí títí n ó fi kú. Tí mo bá ti kú, kí Rodiat gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi, kì í ṣe lẹ́nu aládùúgbò."

Mo búra. Èmi tí mi ò lè pa àṣírí ọbẹ̀ mọ́, mo pa ìyẹn mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún méjì tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, ojú títì ni mo gbé e sí.


Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo pe ìyàwó mi. Agùnbánirọ̀ ni, Màkọ́dì ni wọ́n gbé e lọ. Mo ṣàlàyé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nípa ẹkún Àìná. Nígbà tí mo dárúkọ Alhaja, ó gé ẹ̀rín náà kúrú.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣílẹ̀kùn ilé mi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó fara balẹ̀ dáhùn. Ó ní ṣé mo rántí ọjọ́ tí òun ń tò ó? Pé ẹ̀rọ béèrè orúkọ ẹni tó ni ilé, kó lè ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Pé mo ní ta ni ẹ̀rọ yẹn tí yóò máa bi mí pé kí lorúkọ rẹ? Ọmọdé kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀, ká má tíì wá sọ ti irin tí wọ́n rà ní ọjà kọ̀ǹpútà. Pé mo tún ní onílé wo ló ń dárúkọ kó tó wọ yàrá rẹ̀?

Mo rántí. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Ó ní òun ò lè bá mi jiyàn. Ó wá fi mí sáàárín àwọn aláìlórúkọ. Nítorí pé èmi gbọ́dọ̀ lè dé gbogbo yàrá, ó ṣí gbogbo yàrá fún aláìlórúkọ. "Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ̀ yín yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kó má mọ̀ yín."

Mo bínú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wá ẹni tí màá bínú sí, mi ò rí.


Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé ẹnì kan ti mú un?

Fawziyyah ní Olófòófó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí – ọjọ́, aago, fáìlì tí wọ́n mú. Mo dá iná padà fún un, mo yọ wáífáì, kó má bàá sí ẹni tó lè wọlé. Ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, mò ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka kan àti awò méjì.

Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú wásíà náà.

Ọjọ́rú, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì. Èmi ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì já gaara. Aláìlórúkọ ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Jímọ̀, 22 Ọ́gọ́ọ̀sì, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Aláìlórúkọ ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀ náà.

Mo kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn pé èmi náà ni. Kí ló máa ṣàfihàn pé èmi kọ́? Orúkọ kan náà ni èmi àti olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní aago yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́sálásí ni mo wà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Lẹ́mọ́mù fa wáàsí gùn títí mo fi bi ẹni ẹ̀gbẹ́ mi bóyá ọdún Iléyá ti kọjá.

Èmi kọ́. Ẹnì kan jókòó lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ọ̀rọ̀ Alhaja, ó lọ.


Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mi ò gbọ́ wáàsí kankan. Gbogbo ẹni tó wà ní sàfù, ìlà ìkírun, tó wà níwájú mi ni mò ń wò lẹ́yìn ọrùn bí ẹni ń wá olè.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo lọ sí Òkè-Àfá. Mo ti múra ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lo ọ̀kankan.

Alhaja ti tó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó fi mẹ́rin jù mí lọ. Òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Sàláúdéènì láìfi Bàbá síwájú. Ó wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Mo kúnlẹ̀ – èmi ọkùnrin – mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò pa ipa tèmi mọ́.

Kò pariwo. Ó ní kí n dìde kí eékún má baà dùn mí. Bàálù méjì kọjá. Ó wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Rodiat ń wá, láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó ń bá òun wẹ ẹsẹ̀, ó ń bá òun gé èékánná, wọ́n á jọ rojọ́ àwọn ìyàwó ilé. Àwọn ọkùnrin méjèèjì, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí òun.

"Tó bá gbọ́, kò ní wá mọ́. Kò ní bú mi, n kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò kàn ní wá mọ́."

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un fúnra yín. Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. Ó ní ní ọdún wo? Nígbà tó wà ní kékeré, ó kéré jù. Nígbà tó dàgbà, ó ti dàgbà jù.

Kí n tó lọ, ó ní, "Wá ẹni náà. Kí o sì ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo ní ẹ ó rí i.


Ọjọ́ Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Ìdí tí mi ò fi ní kàn pa Olófòófó rẹ́: Oyèlékè tó ń wakọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́ oríkì tí ìyá rẹ̀ kì sílẹ̀ kó tó kú. Ó wá lónìí, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó kàn di fóònù mú, ó dúró. Mi ò lè ti ìyá rẹ̀ mọ́lé nítorí àṣìṣe mi.

Nítorí náà, pálọ̀. Mo ṣàlàyé fún Fawziyyah bí mo ṣe fẹ́ ẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é, pé ẹ̀yin àgbà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àlejò tó wá sílé Yorùbá, pálọ̀ la ó fún un ní àga. A ó fún un ní omi. Yóò jókòó bó ṣe wù ú, kò ní í rí yàrá.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ le ju ti ilé lọ. Nílé, àlejò mọ̀ pé yàrá wà, ìtìjú ni kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Nínú ẹ̀rọ, a ó ṣe é kí pálọ̀ jẹ́ gbogbo ayé lójú rẹ̀. Kó tẹ ọfà títí, kò ní sí òkè kankan tí yóò gùn.

Mo ṣe fódà tuntun, mo sọ ọ́ ní PALO. Mo kó wáàsí, orin, oríkì tí àwọn oníǹkan ní kí ayé gbọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́tà, ìpàdé ẹbí, wásíà – mo fi wọ́n sílẹ̀ lóde rẹ̀. Ìyẹn nìkan gbà mí láti àárọ̀ di àsìkò ìrun Alásárì. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé òfin Olófòófó, mo kọ ìlà kan tí Fawziyyah pè fún mi: pé kí aláìlórúkọ bẹ̀rẹ̀ ní PALO, kó sì parí síbẹ̀.

Mo dá wáífáì padà, mo gbé fóònù mi, mo wọlé bí àlejò. Mo tẹ ọfà.

Mo bọ́ sí àárín ilé. Wásíà ń wò mí.

Mo yọ wáífáì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo tún ìlà náà kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọfà ṣì ń gòkè. Alhaja pè: ṣé mo ti rí i? Mi ò tíì rí i.


Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Fawziyyah bi mí pé ṣé mo jí i. Mo ní jí ta ni? Ó ní ẹ̀rọ. Pé ìgbà tó bá ń jí nìkan ló máa ń ka òfin. Kí n kọ ogún òfin sílẹ̀ nígbà tó ti lajú, kò ní wò ó. Bíi Abẹ gẹ́lẹ́.

Mo pa á, mo jí i. Ó kọ̀, kò jí.

Nǹkan méjì ni mo ṣì ṣe. Ìkíní, mo fi àlàfo sáàárín ìlà náà, nítorí ọ̀rọ̀ nílò èémí. Fawziyyah ní ti ẹ̀rọ kò nílò. Èkejì, mo ṣí PALO sílẹ̀ kí àlejò lè máa fi nǹkan síbẹ̀ – tí ẹnì kan bá ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, kó gbé e wá. Ọmọlúwàbí ni mo pe ara mi. Ó ní Olófòófó kì í gba irú rẹ̀, pé pálọ̀ tí àlejò lè da àga rẹ̀ rú, kò ní ṣílẹ̀kùn rẹ̀ rárá. Kí àlejò máa wò, kó máa mú ẹ̀dà, kó má fọwọ́ kan àga.

Mo tún un ṣe. Mo jí i. Ó jí.

Mo wọlé bí àlejò. PALO. Mo tẹ ọfà. PALO. Mo tún un tẹ̀. PALO. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pa kòkòrò. PALO ni, PALO náà ni.

Mo jó díẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ìyá kan tó ń kọjá kí mi kú oríire, kò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Mo wá fẹ́ wo yàrá wásíà bóyá ó wà níbẹ̀ ní àlàáfíà. Mi ò lè débẹ̀. Èmi náà, aláìlórúkọ ni mí. Mo ti ti ara mi mọ́ pálọ̀ ilé mi.


Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Ó ku orúkọ.

Mo ní kí Fawziyyah wá nǹkan mìíràn. Ó ní kò sí. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ láti Màkọ́dì, ó ní òun ò ní fi ọwọ́ òun kọ orúkọ bàbá àgbà òun ṣákálá. Mo ní "Baba" ń kọ́? Ó ní kí n ka iye bàbá tó wà ní òpópónà wa, pé ohun tó bá gbogbo ayé mu ni olè kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Ó ní, "Bàbá, ẹni ẹ bá fẹ́ kó mọ̀ yín, ẹ ó dárúkọ fún un."

Ọmọ yìí. Mo ti ń pè é ní ìyàwó mi jù, ó ti ń pàṣẹ fún mi.

Mo jókòó síwájú Olófòófó. Ó béèrè, ó ń ṣẹ́jú. Mo ronú lórí Alhaja pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí àpótí. Mo fi ìka kan kọ ọ́: aborisade. Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Abórìṣàdé – ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ti ń fi mí ṣe láti ilé-kéwú. Mo kọ pásíwọ́ọ̀dù tí mi ò ní kọ síbí, ìwé yìí gan-an kò ní kọ́kọ́rọ́.

Kò kí mi. Kò ní ẹ káàbọ̀ sà. Ó kàn ṣílẹ̀kùn, gbogbo yàrá mi sì wà níbẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo pe Abẹ níjà. Mo ní kó gun òkè ilé mi bó ti gùn ún tẹ́lẹ̀. Tó bá débẹ̀, màá jẹ́ kó fá irùngbọ̀n mi tí mi ò tíì fá láti 1991. Ó jókòó láti aago méjì títí di mẹ́rin. Ó tẹ ọfà. Ó fi ọwọ́ kọ orúkọ yàrá. Ó rí àmì ọ̀nà àbùjá kan tí Fawziyyah ṣe láyé àtijọ́ tó máa ń já sí yàrá lẹ́tà. Ó fò mọ́ ọn bí ológbò, ògiri ló kọ lù.

Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀rọ yín mọ́."

Mo ní òtítọ́ lo sọ. Lójú tìẹ, kò sí.

Oyèlékè gbọ́ ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Alhaja pè. Ilẹ̀kùn ti tì, mo sọ fún un. Ó ní ìyẹn dára. Ẹni náà ńkọ́? Mo ní mo ṣì ń wá a. Ó ní Rodiat ti dé, òun ń lọ, kí n má pe òun padà.


Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Rodiat wọlé ní bí aago mọ́kànlá. Ọ̀dà funfun wà ní èékánná rẹ̀. Ó kí mi, ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun wọ ẹ̀rọ mi láàárọ̀ yìí, pé ó ti yí padà, pálọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní ṣé nítorí tòun ni.

Mo fa àga sún mọ́ ọn.

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bímọ lóṣù tó ń bọ̀, ó bi í pé ṣé wọ́n gba ohùn ìsọmọlórúkọ tìyá òun náà sílẹ̀. Rodiat ní ó dájú, ọ̀rẹ́ ìyá òun ni Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì. Ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wà ní mọ́sálásí, ó jókòó lábẹ́ ìbòòji dè mí. Ó ní kóun má bàá yọ mí lẹ́nu, òun á wá a fúnra òun. Ó wá a ní gbogbo yàrá. Kò rí ìsọmọlórúkọ kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní orúkọ rẹ̀ lára ni èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lára kásẹ́ẹ̀tì ní 2009, tí Fawziyyah dà kọ bó ṣe wà: WÁSÍÀ ALHAJA SALIMAT, NÍPA RODIAT.

Ó ní òun rò pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Ìdí tóun fi ṣí i nìyẹn.

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ti nu ún kúrò lórí fóònù òun lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ má rí i. Kò fi lọ ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Mo bi í pé ṣé inú ń bí i. Ó ronú sí i. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, òun ń to àwọn ìyá tóun lè ní tẹ́lẹ̀ lọ́kàn, kò sí èyí tó ń dáhùn. Ó wá di ọjọ́ Àìkú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí Òkè-Àfá.

Mo ní màá ṣí yàrá kékeré kan fún un, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohùn náà nígbà tó bá wù ú. Ó mi orí. Ó ní ibi tí ìyá òun ní kó wà ni kó wà.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, Bàbá. Ẹ má sì sọ fún un pé mo ti wọ yàrá. Ó ń bẹ̀rù pé mi ò ní wá mọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ láti Àìkú tó kọjá, mi ò mọ ohun tó fà á, àfi ìgbà tí mo rí pálọ̀ yín láàárọ̀ yìí."

Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri níwájú ìta, ó fún mi ní méjì, ó padà sí Àgọ́ Palace.


Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Alhaja pè lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbé e. Èmi tí mi ò sá fún ọ̀rọ̀ rí.


Ọjọ́ Ajé, 22 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Mo pè é fúnra mi láàárọ̀. Mo ní mo ti rí ẹni náà.

Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Mo ní ẹni náà kò wá a láti fi ṣe ibi, ó ṣèèṣì bá a pàdé ni. Ó ti nu ún kúrò, kò fi lọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọ. Mo ní mo fi Ọlọ́run búra lé e lórí, mo sì mọ ohun tí mò ń búra sí. Ó béèrè pé ta ni. Mo ní ìwé ẹ̀rọ ò dárúkọ, aláìlórúkọ ló kọ síbẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn.

Ó tú èémí jáde pẹ́, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní ara òun ti ń balẹ̀ láti àná pàápàá. Pé Rodiat wá, ó tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wẹ ẹsẹ̀ òun, ó gé èékánná, ó wá gbé orí lé itan òun, obìnrin tó fẹ́ di ìyá àgbà, ó sùn lọ fọnfọn níbẹ̀ títí di ìrun Alásárì.

"Ká ní ó ti gbọ́ ni, Sàláúdéènì, ṣé yóò ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀fẹ̀ mẹ́rin ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé wọn mì.

Mo ní ẹ ò rí nǹkan, Alhaja.